Àmúsà Tó Ń Fi Ohùn Gbé Ẹrù

Gbogbo ẹni tó mọ Àmúsà ní Shasha, ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti bẹ́ǹṣì kúrò nílẹ̀.

Ọdún 2007 ni, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ègbẹ́dá. Àwọn oníjó mẹ́sàn-án wà lórí ìtàgé. Kò sí ìlù, kò sí fèrè, kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Àmúsà nìkan ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú bùbá funfun àti fìlà tí ìyàwó rẹ̀ ti fi sítáàṣì sí, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi ohùn gbé àwọn oníjó náà nílẹ̀. Bó bá fa ohùn, wọ́n á gbéra. Bó bá gé e, wọ́n á dúró. Ijó òde òní ni wọ́n pe irú ẹ̀.

Níwájú, lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé jókòó pẹ̀lú akọ̀wé àti akápò rẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò tí àwọn oníjó yìí ti ń ṣe ìdánrawò. Kì í ṣe ìran ni wọ́n wá wò. Àwọn onílé ti kọ lẹ́tà mẹ́ta pé ariwo àwọn èèyàn yìí pọ̀ jù, alága sì wá fojú ara rẹ̀ rí i kó tó lé wọn. Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni àwọn alábàárù mẹ́fà láti ọjà Shasha jókòó sí. Àlejò Àmúsà ni wọ́n. Wọn ò wọ gbọ̀ngàn eré rí láyé wọn. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti kunra, wọ́n káwọ́ gbera bí ọmọ iléèwé.

Àmúsà mí sínú. Ó fa ohùn náà: "Òòòòò-óóóó..." Ó gé e: "Hẹ́p!"

Àwọn oníjó dìde. Àwọn alábàárù náà dìde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ohùn yẹn ti ń gbé wọn nílẹ̀ nídìí àpò ẹ̀wà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró rò ó. Èèyàn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ méjìlá kan igi, bẹ́ǹṣì gòkè pẹ̀lú alága, akọ̀wé àti akápò, ó di orí èjìká.

"Ẹ gbé mi sílẹ̀!" ni alága ń pariwo. "Ta ló rán yín? Mo ní ẹ gbé mi sílẹ̀ jàre!"

Ṣùgbọ́n alábàárù kì í sọ ẹrù kalẹ̀ torí pé ẹrù ní kó sọ òun kalẹ̀. Ohùn Àmúsà ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀rù sì ti ba Àmúsà débi pé ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kankan ò jáde. Ni wọ́n bá gbé àwọn onílé mẹ́ta yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tò wọ́n sí. Àwọn òǹwòran rò pé ara ijó ni. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Nígbà tí Àmúsà ríhùn pè, tí ẹsẹ̀ alága kan ilẹ̀, gbogbo ilé ń hó. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì tẹrí ba fún wọn.

Kò sẹ́ni tó tún kọ lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ ariwo. Nígbà tí wọ́n ṣe eré kejì, aago méjì ni alága ti dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan bẹ́ǹṣì.

Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á rò pé aláwàdà ni Àmúsà. Rárá o. Nínú gbogbo ọdún tó lò ní Shasha, kò sẹ́ni tó gbọ́ kó dápàárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo ayé fà: pé iṣẹ́ ni ohùn, pé ẹni tó ń fi ohùn gbé ẹrù ń gbé ẹrù ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, òun àti Zikrullah ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú ọkọ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, àwọn méjèèjì sì di alábàárù ní ìlà ẹlẹ́wà. Ní 2004, wọ́n ń já ẹrù ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àpò kan yẹ̀ lórí Àmúsà, ó sì ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀. Nígbà tó padà dé ọjà, ó lè rìn, ó lè kírun, ṣùgbọ́n kò lè gbé ohun tó wúwo ju búútà omi lọ. Alábàárù tí kò lè gbé ẹrù mọ́ ní Shasha, wọ́n máa ń bá a wá ọkọ̀ padà sílé ni. Zikrullah, tó ti di olórí alábàárù nígbà yẹn, fi ẹ̀sọ̀ bá a sọ ọ́.

"Àmúsà, ilé ti tó lọ. Oko bàbá ẹ ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yìn wo ni mo fẹ́ fi roko?"

"Kí lo wá fẹ́ máa ṣe níbí?"

"Mo máa máa pè é fún yín."

"Pe kí ni?"

"Gbígbé. Ẹ ò kì í jọ gbé e. Ọ̀kan á ti gòkè, èkejì ṣì ń tutọ́ sọ́wọ́. Bí àpò yẹn ṣe yẹ̀ lórí mi nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ fi ọwọ́ gbé e, èmi á fi ohùn gbé e."

Zikrullah wò ó títí. "Àmúsà, ṣé ẹ̀yìn nìkan ni àpò yẹn bà?"

Àmúsà ò bínú. Ó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n wò. Ọkọ̀ tó kó ọgọ́ta àpò dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n já ọgbọ̀n àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe máa ń já a: ìṣẹ́jú àádọ́ta, ìjà kan, bàtà kan tó sọnù. Àmúsà pe ọgbọ̀n tó kù: ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò síjà. Zikrullah ní oòrùn ló ti rọlẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta, Àmúsà ló kọ́kọ́ pe tirẹ̀ nínú oòrùn, ó tún yá jù. Ọjọ́ kẹrin, Zikrullah fi ẹsẹ̀ fa ilà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọkọ̀.

"Dúró síbí. Má sún mọ́ ẹrù. Má sì bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ò ṣe é. Kí Àmúsà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn mẹ́ta, ó kéré jù, ló ń bàjẹ́ lọ́dún ní ìlà ẹlẹ́wà. Ọdún méjìlá ni Àmúsà fi dúró lórí ilà yẹn, ẹ̀yìn ẹnì kankan ò sì bàjẹ́. Ẹ sọ mẹ́ta lọ́nà méjìlá. Èèyàn mẹ́rìndínlógójì ló ń bẹ̀rẹ̀ wẹsẹ̀ lónìí, tó ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, tí kò mọ̀ pé Àmúsà ló yẹ kóun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ń dúpẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí Zikrullah fa ilà yẹn ni Olúfúnmiláyọ̀ wá ra kóńgò ẹ̀wà méjì. Ọmọbìnrin tó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, tó wọ ṣòkòtò. Ó ra ẹ̀wà tán, kò lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró síbẹ̀ tó ń wo àwọn alábàárù. Ìyá ẹlẹ́wà ti fẹ́ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà nígbà tó kọjá sí ọ̀dọ̀ Àmúsà, tó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ta ló kọ́ yín?"

"Kọ́ mi ní kí ni?"

"Ohùn yẹn. Ẹ ò fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ò pe orúkọ wọn, wọ́n sì ń gbéra bí ẹnì kan ṣoṣo. Oníjó ni mí, ní Ègbẹ́dá. Mo ti ń wá ijó tó jẹ́ pé ohùn ló máa gbé ara, kì í ṣe ìlù. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń wá a."

"Èmi ò kì í jó. Mùsùlùmí ni mí, mo lọ́mọ nílé, ẹ̀yìn sì ń dùn mí."

"Ẹ ò ní jó rárá, Bàbá. Ẹ̀yin á kàn dúró síbì kan. Àwa la máa jó o."

"Èmi á dúró, ẹ̀yin á gbé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àmúsà yíjú sí Zikrullah. "Ṣé o gbọ́? Wọ́n ń wá irú mi kiri."

Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní oníjó. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ètò eré àkọ́kọ́, ọgọ́rin ẹ̀dà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Àmúsà, oníjó." Àmúsà gba bírò. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó fagi lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ "alábàárù" sí i. Eré fi wákàtí kan pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà tó kọ ọ́ dé ìwé kọkàndínlọ́gọ́rin, bírò tán, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn àfi ìgbà tí wọ́n wá òmíràn fún ẹyọ kan tó kù.

Àárín ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ìgàndò ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, lábẹ́ páànù, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àpò ni Àmúsà fi ń wọn ohùn àwọn oníjó. Nínú wọn ni Títí wà, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì máa ń dá ṣọ́bìrì dúró. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ohùn náà hàn, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo Àmúsà.

"Ó dùn," ni Àmúsà wí. "Àmọ́ kò lè gbé ìdajì àpò gààrí."

"Kí ló kù, Bàbá?"

"O ń kọ ọ́ fún etí. Etí kì í gbé ẹrù. Kọ ọ́ fún orúnkún."

Oṣù mẹ́ta ni Títí fi wá orúnkún kiri nínú ohùn rẹ̀. Ọjọ́ tó rí i, àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì ò dá ṣọ́bìrì dúró mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó sí ohùn rẹ̀, búlọ́ọ̀kù ọjọ́ yẹn sì fi àádọ́ta pọ̀ ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní kó máa bọ̀ lójoojúmọ́.

Ti Olúwagbénga ló wá pani lẹ́rìn-ín jù. Ọmọkùnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ní báńkì láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn na ọwọ́ sókè bí ẹni gbé àpò dání, láìsí àpò kankan, ohùn Àmúsà sì ń fa wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Gbénga bá họ etí.

"Dúró! Kí lo ṣe yẹn?"

"Ẹ̀fọn ni, sà."

"Ọwọ́ wo lo fi họ ọ́?"

"Ọ̀tún, sà."

"Ọwọ́ ọ̀tún tó di àpò mú. Àpò ti já bọ́, ó ti ya. Ẹ wo ẹ̀wà nílẹ̀."

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Yanrìn ni.

"Ṣà á," ni Àmúsà wí.

"Sà?"

"Ẹ̀wà olóhun ni. Ṣà á tán kó o tó dìde."

Gbénga wo Olúfúnmiláyọ̀ bóyá á gbà á sílẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ wo òkè páànù. Ni ọmọ báńkì bá lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà tí kò sí, hóró kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìgbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀, "hùn-ún, hùn-ún," bí àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ara rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Olúfúnmiláyọ̀ ní ijó tó dára jù tí Gbénga jó lọ́dún yẹn nìyẹn, ó sì fi í sínú eré. Nígbà tí wọ́n ṣe tán tí gbogbo wọn ń lọ, Àmúsà yẹ̀ fún ibẹ̀ kó má baà tẹ̀ ẹ́.

"Ó ṣì ku díẹ̀ níbẹ̀," ló wí.

Ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa ijó wá láti òkè òkun lọ́dún kan láti wo iṣẹ́ wọn. Ó bi Àmúsà léèrè pé kí ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó bá ń fa ohùn náà, Olúfúnmiláyọ̀ sì ń túmọ̀. Ọkùnrin náà ti ṣí ìwé, ó ti mú bírò dání.

"Mo máa ń rò ó pé kí wọ́n má jù ú sílẹ̀ ni," ni Àmúsà dáhùn.

Ọkùnrin náà dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ohùn Àmúsà ò gbé rí. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ ni. Aránṣọ ni, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú ilé wọn ní Akówonjó lẹ máa ń bá a láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí Àmúsà bá ti dé láti ọjà, á dúró sẹ́nu géètì, á tún fìlà ṣe, á mí sínú, á sì pè é: "Òòòòò-óóóó... hẹ́p!" Ewúrẹ́ ilé kejì á dìde. Bàbá Táyéwò tí orúnkún ń dà láàmú, tó ti jókòó láti ọ̀sán, á bá ara rẹ̀ ní ìdúró, á sì dúpẹ́. Mọ̀dínátù á máa tẹ ẹ̀rọ lọ.

"Ìyá Hamdalah, mo ti pè é o."

"Mo gbọ́."

"O ò sì dìde."

"Kò gbé mi, Bàbá Hamdalah. Bóyá ẹ̀wà ló ń gbé."

"Gbogbo Shasha ló ń gbé!"

"Ẹ kí Shasha fún mi. Oúnjẹ wà nínú kúlà."

Ojoojúmọ́ ni o. Àwọn aládùúgbò máa ń yọjú láti wò ó bóyá ti òní á gbé e. Nígbà tí wọ́n bi Mọ̀dínátù pé kí ló ṣe é tí kò fi lè dìde lẹ́ẹ̀kan péré kí inú ọkọ rẹ̀ dùn, ó gé òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́ kó tó dáhùn.

"Bó bá gbé mi lónìí, kí ló tún máa wá sílé wá pè lọ́la?"

Ní 2012 ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àmúsà mu oyin, ó jẹ orógbó, ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ yọ ọ̀nà ọ̀fun, kò lọ. Nígbà tí Mọ̀dínátù fipá mú un dé ilé ìwòsàn, dókítà ní nǹkan kan ti hù sí ọ̀nà ohùn rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni o, kò gbọdọ̀ pariwo mọ́ títí ayé.

Àmúsà gba ìwé iléèwé Hamdalah ọmọ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ó nà án sí dókítà: "Ṣé mo ṣì níṣẹ́?"

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

Àmúsà gba ìwé náà padà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ohùn."



Ọ̀sẹ̀ kẹta, Àmúsà lọ sí Shasha. Zikrullah ti bá a wá àga kan tó ní ẹ̀yìn, ó gbé e síbi tí òjìji wà, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un. "Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. O ti ṣe é tó." Ara Àmúsà bù máṣọ. Ó mọ àánú Shasha dáadáa: àga ní ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Kò fọwọ́ kan ẹ̀kọ náà.

Zikrullah fúnra rẹ̀ ló wá ń pe gbígbé. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́ nídìí gààrí. Mẹ́rin nínú wọn gbéra nígbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan gbé àpò ẹlòmíràn. Láàárín ìrúkèrúdò yẹn, àpò kan tó wà ní etí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ bọ̀, Abdulmuiz alábàárù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti kẹ́yìn sí i. Bí àpò ti ọjọ́sí gan-an.

Àmúsà fò dìde. Ó la ẹnu, ó mí sínú, hììì, ó fẹ́ fa ohùn. Ó rántí dókítà. Ó pa ẹnu dé.

Àpò náà ti wà lókè. Ọwọ́ mẹ́jọ ti gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dúró gbọnin.



"Ta ló pè é?" ni Zikrullah bi wọ́n.

"Bàbá ni," ni Abdulmuiz dáhùn.

"Kò pè é. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò."

"Ó mí."

"Ó mí?"

"Bí Bàbá bá ti mí sínú, a ti máa ń gbé e, sà. Ó ti pẹ́. Ìgbà tí ariwo tó ń tẹ̀ lé e bá fi máa jáde, ẹrù ti wà lókè."

Àmúsà fa ìwé Hamdalah yọ lábẹ́ apá. Ó kọ ọ́: "Ọdún mẹ́jọ tí mo fi ń pariwo, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Abdulmuiz kà á, ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, sà. A rí i pé ó ń dùn mọ́ yín ni."

Zikrullah gbé àga ẹlẹ́yìn náà kúrò. Ó padà síbi ilà tó fà ní 2004, òjò ti pa á rẹ́ láìmọye ìgbà, ó fi ẹsẹ̀ tún un fà.

Nígbà tí Olúfúnmiláyọ̀ gbọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Shasha lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Àmúsà mí fún òun wò. Àmúsà mí. Ó ní kó tún mí. Ló bá bú sẹ́kún, ó ní láti ọjọ́ yìí, òun ń wá ohùn kiri, òun ò mọ̀ pé ibi tí ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ijó wà. Ìyá ẹlẹ́wà ní kí wọ́n fún ọmọ yìí lómi mu.

Eré tó ti inú ìyẹn jáde, ní 2013, nínú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ṣe é. Àmúsà dúró síbi tó máa ń dúró. Kò pariwo rárá. Ó mí, mẹ́sàn-án gbéra. Ó dá a dúró, mẹ́sàn-án dúró. Nígbà tó di ìdajì eré, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nínú gbọ̀ngàn mọ́, nítorí gbogbo èèyàn ló ti ń bá a mí, igba èèyàn, imú kan. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, tó ti di arúgbó, wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ níwájú, ó sì ń retí. Ìgbà tó rí i pé ariwo kankan ò wá, ó rọra yíjú sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní gbé mi lónìí ni?"

"Ẹ ti wà lókè, sà," ni Abdulmuiz fèsì lábẹ́ rẹ̀.

Nílé náà, Àmúsà ò jáwọ́. Á dé ẹnu géètì, á tún fìlà ṣe, á mí sínú, hììì. Ewúrẹ́ á dìde. Bàbá Táyéwò á dìde.

"Ariwo ò gbé mi," ni Mọ̀dínátù máa ń wí, "ṣé èémí ló máa wá gbé mi? Oúnjẹ wà nínú kúlà."

Ọdún mẹ́rin ló tún fi ṣiṣẹ́ lórí ilà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìgbé ohùn sókè, kò sì sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ fún un. Ó kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ó ní òun fẹ́ fara lélẹ̀ díẹ̀ kóun tó lọ sọ́jà. Kò dìde mọ́. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ìlà ẹlẹ́wà ti pa ìsọ̀ dé. Àwọn oníjó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà níbẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀ wé ìborùn, Gbénga ò lọ sí báńkì. Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé fi ọ̀pá rìn wá.

Wọ́n ti wẹ Àmúsà, wọ́n ti dì í, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó níwájú ilé. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síbi ìsìnkú dúró sójú títì. Zikrullah àti àwọn alábàárù márùn-ún ló máa gbé e débẹ̀. Áfáà ní kí wọ́n gbé e jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pariwo.

Àwọn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ méjìlá kan pákó. Kò sẹ́ni tó gbéra.

Áfáà wò wọ́n. "Ẹ gbé e ńlẹ̀. Kí lẹ ń dúró dè?"

Ẹni tó wà lórí pákó ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ já mọ́ Abdulmuiz lẹ́nu, ẹ̀rín kékeré, ó sì ran ẹnì kejì rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníjó, títí gbogbo iwájú ilé fi ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń dà lójú wọn. Áfáà fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, Zikrullah fi èjìká nu ojú. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó dúró lórí ilà. Ó mí sínú: hììì.

Pákó gòkè. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, bí wọ́n bá gbé ife omi lé e, omi ò ní dà. Òun ni ẹrù tí wọ́n gbé dára jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé ẹrù.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ti ń bẹ Mọ̀dínátù láti àárọ̀ pé kó dìde lórí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kó wọlé, kó jẹun díẹ̀. Kò dìde. Hamdalah wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, ó rí i pé ìyá òun ti wà ní ìdúró. Mọ̀dínátù náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó ṣe é.

Ó tẹjú mọ́ pákó náà bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá ní géètì.

"Bàbá Hamdalah," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. "Ẹ ti gbé mi."